Omi Kọ́ ni Ọ̀tá Ìbọn: Ọ̀rọ̀ lórí Fífọ Ìbọn Ẹlẹ́tù

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀yà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni í nawọ́ sí òkè àjà láti gbé ìbọn ṣakabùlà wọn sọ̀kalẹ̀. Ìbọn náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá. Ẹni tí ó ni ín yóò fi àkísà nu eruku ara rẹ̀, yóò fi epo díẹ̀ pa á títí yóò fi máa dán, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ohun ìní òun kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi òwú funfun sí orí igi ìkìbọn, lẹ́yìn tí ó ti rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn náà, tí ó sì tì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá, òwú náà yóò jáde ní pípọ́n bí ohun tí a rì bọ inú osùn. Ara ìbọn ni ó nù. Inú ni ìpẹtà ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìdí ìbọn, níbi tí ẹ̀tù ti ń jó, ni èérí ti í pọ̀ jù, nítorí náà níbẹ̀ ni ìpẹtà ti í jinlẹ̀ jù. Níbẹ̀ gan-an sì ni agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jù lọ nígbà tí ìbọn bá dún. Irin tí ó nípọn ní ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ fi í lé ọdẹ lọ́wọ́ yóò máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, ojú kò sì lè rí i láti òde. Ní ọjọ́ kan, irin náà kò ní lè gba agbára náà mọ́, yóò sì bẹ́. Ọwọ́ tí ó gbé ìbọn ró ni í kọ́kọ́ fara gbá a, ojú sì ni ó tẹ̀lé e. Ọwọ́ náà ni àgbẹ̀ fi ń di ọkọ́ mú, òun ni ó fi ń bọ́ ọmọ.

Ohun tí ó fa ìpalára yìí ni èrò kan tí ó ti jinlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọdẹ, pé omi ni ọ̀tá irin, àti pé inú ìbọn kò gbọdọ̀ rí omi rárá. Èrò náà kò ṣàdédé wá. Ẹni tí ó bá gbàgbé àdá rẹ̀ sínú ìrì mọ bí ara àdá náà ti í rí ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, nígbà tí ọdẹ bá ti igbó dé, yóò da epo òyìnbó tí a ń rọ sí àtùpà sí ẹnu ìbọn, tàbí kí ó fi epo pupa kun àkísà, kí ó tì í wọlé kí ó fà á jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì gbé ìbọn kọ́. Ó gbà pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Kò tọ́jú rẹ̀. Ó kàn bo èérí mọ́lẹ̀ ni, bí ẹni tí ó ti inú ẹrẹ̀ dé tí ó sì fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ láìfọ̀ ọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀tù jẹ́, àti ohun tí í fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá jó tán. Nǹkan mẹ́ta ni a ń pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú: iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí-ọjọ́. Nínú ìwọ̀n 100, iyọ̀ náà a máa tó 75, èédú a tó 15, imí-ọjọ́ a sì tó 10. Ènìyàn lè rò pé nígbà tí ìbọn bá ti dún, tí èéfín sì ti túká, gbogbo rẹ̀ ti bá èéfín lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù náà lọ ni kì í di afẹ́fẹ́ rárá. Apá kan rẹ̀ ni ó ń bá èéfín fò jáde. Apá kejì a lẹ̀ mọ́ inú ìbọn bí èéfín ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èérí yìí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn iyọ̀ náà sì ni irú èyí gan-an tí ó wà nínú eérú tí àwọn obìnrin fi ń se ọṣẹ dúdú. Ẹni tí ó bá ti jó èèpo kòkó rí, tí ó sì fi eérú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo tí kò ní ìdérí ní àkókò òjò, mọ̀ pé kì í pẹ́ tí eérú náà fi ń rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò da omi sí i. Láti inú afẹ́fẹ́ ni ó ti fa omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èérí ẹ̀tù ń ṣe nínú ìbọn tí a gbé kọ́ sí òkè àjà. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ ní òru, ó ń di omi iyọ̀ mọ́ ara irin, irin náà sì ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù òjò, alẹ́ kan péré tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Epo kò sì lè yọ́ iyọ̀. Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì bu iyọ̀ ọbẹ̀ díẹ̀ sínú epo òyìnbó, kí ó bu díẹ̀ sínú omi, kí ó sì wò wọ́n títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí ó wà nínú omi yóò ti yọ́ tán. Èyí tí ó wà nínú epo yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ bí a ti bù ú sí i. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn tí a fi epo òyìnbó nù. Epo náà a tú ọ̀rá àtijọ́, a sì mú kí àkísà jáde ní dúdú, èyí tí í mú ọdẹ gbà pé ìbọn ti mọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò kúrò. Láìpẹ́ epo òyìnbó náà yóò gbẹ, irin yóò sì wà ní ìhòòhò pẹ̀lú iyọ̀ lára rẹ̀. Kì í ṣe pé epo òyìnbó kò wúlò fún nǹkan kan. Bí ìpẹtà bá ti mú ìdè kan tàbí òòlù ìbọn gan, kò sí ohun tí ó rọrùn láti rí bí i rẹ̀ fún títú u. Ṣùgbọ́n kí a má fi iṣẹ́ omi lé e lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ-ogun mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ẹ̀tù dúdú ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò, omi ni wọ́n fi ń fọ ìbọn wọn. Lẹ́yìn tí ẹ̀tù tí kò ní èéfín dé pàápàá, tí wọ́n ń lo ìbọn Lee-Enfield, irú èyí tí àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé lọ sí ogun Bọ́mà ní ọdún 1944, omi gbígbóná ni wọ́n ṣì ń fi àrọ dà sínú rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ wà nínú ohun kékeré tí ń ṣáná sí ẹ̀tù náà. Ọ̀pọ̀ kápù tí a ń fi bo ọmú ìbọn oníkápù láyé àtijọ́ ní irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà èérí ìbọn oníkápù tilẹ̀ lè burú ju ti olókùúta lọ. Bí omi bá jẹ́ ọ̀tá ìbọn, ìbọn wo ni ì bá ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún kan? Omi tí ó wọlé tí ó sì jáde kò ba irin jẹ́. Omi tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni í bà á jẹ́, èyí sì jẹ́ ẹ̀bi ẹni tí kò nù ún gbẹ.

Kí omi tó kan ìbọn rárá, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dá. Ìbọn púpọ̀ ni ó wà lórí àjà tí ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nínú wọn láti èṣí, tí ẹni tí ó kì wọ́n sì ti gbàgbé. Kí ọdẹ kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí ènìyàn kò sí, kí ó yọ kápù kúrò tàbí kí ó gbọn ẹ̀tù ojú iná dànù, kí ó sì ti igi ìkìbọn wọlé títí yóò fi dúró. Kí ó fi àmì sí ibi tí igi náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ó fà á jáde, kí ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti òde. Bí orí igi náà kò bá dé ọ̀kánkán ihò etí tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú ìbọn náà. Kí ó má ṣe fi ẹnu fọn ọ́, kí ó má ṣe yọ ojú wo inú rẹ̀, kí ó má sì ṣe gbé e súnmọ́ iná ìdáná. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé e lọ fún, kí ó sì sọ fún un kí ó tó gbé e kalẹ̀ pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Ìbọn tí ó ṣófo ni à ń fọ̀, ní ọjọ́ náà gan-an tí a yìn ín, kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe láti tú irin kúrò lára igi rẹ̀, kí a tú u. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi èèkàn kékeré dí ihò etí, kí a sì fi àkísà wé ibi tí òòlù àti irin rírọ̀ rẹ̀ wà, nítorí omi tí ó bá wọ abẹ́ wọn yóò jókòó síbẹ̀ tí a kò ní mọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú díẹ̀ tí a ti pò sínú rẹ̀ tí a sì ti sẹ́, kí iyanrìn má bàa bá a wọlé. Ọṣẹ dúdú kò ní ohun tí ń jẹ irin nínú, ó sì ń gbé ọ̀rá àti èédú kúrò ní ibi tí omi nìkan kò ti lè gbé e. Kí a da omi ọṣẹ náà kún inú ìbọn, kí ó dúró díẹ̀, kí a mì ín, kí a sì dà á nù. Omi àkọ́kọ́ yóò jáde ní dúdú, yóò sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Òórùn imí-ọjọ́ ni. Ẹni tí imú rẹ̀ mọ òórùn yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ìgbà tí ìbọn mọ́: bí òórùn náà bá ṣì wà, èérí ṣì wà.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi àkísà wé orí igi ìkìbọn, kí a fi omi ọṣẹ náà máa fà á lọ fà á bọ̀ títí àkísà yóò fi máa jáde láìní àbàwọ́n. Kí a fi ìdí ìyẹ́ adìẹ tàbí ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kan tú ihò etí, nítorí ibẹ̀ ni èérí fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ìbọn tí ó kọ̀ tí kò dún nínú igbó ni ó jẹ́ pé ihò yìí ni ó dí. Nígbà náà ni kí a wá fi omi gbígbóná tí kò ní ọṣẹ ṣàn án. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn tí ń lo irú ìbọn yìí ní ilẹ̀ òkèèrè lórí omi híhó: àwọn kan sọ pé ó dára jù nítorí pé irin tí ó gbóná a máa tètè gbẹ, àwọn mìíràn sì sọ pé ó máa ń mú kí ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ́n sí ara irin bí ó ti ń gbẹ. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àkísà gbígbẹ lọ́wọ́, tí kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti lọ jẹun, kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Kí a nù ún títí àkísà yóò fi jáde ní gbígbẹ, kí a sì dorí ìbọn kodò nínú oòrùn tàbí ní ẹ̀bá ibi tí ooru wà, kí èyí tí ó bá kù lè jáde.

Oríṣiríṣi oògùn ìfọbọn ni àwọn ènìyàn ń pò nílé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi ìbọn ẹlẹ́tù ṣeré a máa po ọṣẹ olómi, ọtí líle tí a fi ń nu ojú egbò, àti hydrogen peroxide pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ó ń fọ ìbọn mọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa mú kí irin dógùn-ún bí a kò bá tètè ṣàn án kúrò. Kò sí ìdí tí àgbẹ̀ yóò fi ná owó sí èyí nígbà tí ọṣẹ dúdú wà. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fún òrombó wẹ́wẹ́ sínú ìbọn, tàbí tí ń da omi bátìrì ọkọ̀ sí i, nítorí pé wọ́n rí i tí irin ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dán nítorí pé ó ti jẹ lára irin náà pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀. Omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun pẹ̀lú, ihò ni í dá sára irin. Bí ènìyàn bá ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òrombó, kí ó tètè fi omi eérú ṣàn án, lẹ́yìn náà kí ó fi omi púpọ̀ ṣàn án. Iyanrìn kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú ìbọn.

Irin tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ ni ọ̀rá ń wúlò fún. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ohun ilé sàn ju ohun ọjà lọ. Òrí dára gidigidi, nítorí kì í gbẹ di oje lára irin. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yọ́ ọ lórí iná kékeré títí kò fi ní ta pàrà mọ́, nítorí ó lè ní omi nínú. Ọ̀rá màlúù tí a yọ́ tí a sì sẹ́, tí kò ní iyọ̀ rárá, dára pẹ̀lú. Bí a bá yọ́ ìda oyin ìdá kan mọ́ òrí tàbí ọ̀rá ìdá mẹ́ta, nínú àwo tí a gbé sínú omi gbígbóná, a óò ní ohun tí oòrùn kò lè tètè yọ́ ṣàn kúrò. Irú àdàpọ̀ ọ̀rá àti ìda yìí ti wà lára ìbọn láti ayébáyé. Ìròyìn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ìwé tí a fi di ẹ̀tù ìbọn Enfield wà lára ohun tí ó dá ọ̀tẹ̀ ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ-ogun Íńdíà ní ọdún 1857. Epo pupa ni kò yẹ, pàápàá èyí tí ó ti pẹ́ tí ó sì ti kan, nítorí ìkan inú rẹ̀ ń jẹ irin. Epo dúdú tí a dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò yẹ pẹ̀lú. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, kò sì dára fún awọ ara ènìyàn. Kí ọ̀rá náà fẹ́lẹ́, inú àti òde. Kí a sì rántí láti nù ún kúrò nínú ìbọn kí a tó kì í, nítorí ọ̀rá tí ó ṣàn sí ìdí yóò mú ẹ̀tù rin.

Fífọ̀ kò sì lè jí irin tí ó ti kú. Láti ọdún 1813 ni òfin ti dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìbọn ti wá sí etí òkun wa ní ayé òwò àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ìwọ̀n lọ dán ìbọn wò kí a tó tà á. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilé ń rọ nísinsìnyí, páìpù omi tàbí irin ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì dán an wò bí kò ṣe ẹni tí ó rà á, ní ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ kò ní àfikún tí ìpẹtà lè jẹ. Bí àkísà bá ń kọ́ ní ibì kan náà nígbà gbogbo nínú ìbọn, tàbí tí ìlà tín-ín-rín bá hàn ní òde, tàbí tí ihò etí bá ti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí a dáwọ́ yíyìn ín dúró. Ó ṣòro fún ọdẹ láti pa ìbọn baba rẹ̀ tì, ṣùgbọ́n ara ògiri ni ààyè rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà ti ọdún 1959 dárúkọ ìbọn ṣakabùlà àti ìbọn oníkápù ní tiwọn, ó sì béèrè ìwé àṣẹ fún wọn. Ẹni tí ó bá ń wá òmíràn kí ó ránti èyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tún fi òwú funfun kan wọ inú ìbọn náà. Bí ó bá jáde ní mímọ́, iṣẹ́ ti parí títí di ìgbà tí a óò tún yìn ín, àyàfi pé ó yẹ kí a máa wò ó lóṣooṣù ní àkókò òjò. Bí ó bá pọ́n díẹ̀, iyọ̀ ṣì kù. Kí a tún un fọ̀. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí adìẹ ti lè mu ún, bẹ́ẹ̀ ni kí a má dà á sí ẹ̀bá kànga, nítorí òjé ọta wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Kí a sin àwọn àkísà náà, kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgùnpá, kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí gbé ọmọ.